Ẹ Bi Ìyá Òṣùwọ̀n: Ta Ló Ń Pinnu Bí A Ṣe Ń Ka Ọ̀wọ́ngógó?

Okun o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ lójú ìwé yìí pé iye ọjà ni mo ń kọ sílẹ̀ fún àwọn oníṣirò ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, lẹ́tà yín kò jẹ́ n sinmi. Ọjà Kàbà, ọjà Ìyàrá, ọjà Ìsánlú, kò sí èyí tí n kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀, bírò létí, ìwé lábíyá. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń gbé bọ̀ lóríṣiríṣi: ta ló ń sọ bí a ó ṣe ka ọ̀wọ́ngógó, ìyẹn bí ọjà ṣe ń gbówó lórí? Mo ti ṣa àwọn tí mo lè dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n bá yín wá ẹni tí yóò yá yín lówó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ṣìnà.

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní Ìsánlú. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní òfin tí àwọn òyìnbó ṣe ní Geneva ni Nàìjíríà fi ń ka ọ̀wọ́n ọjà. Ṣé lóòótọ́ ni? Kí ló kan òyìnbó nínú iye tí mo ń ra èlùbọ́?

Ọmọ yín kò parọ́, Olùkọ́, àmọ́ ó ku díẹ̀ kó sọ ọ́ tán. Geneva ni olú iléeṣẹ́ ILO wà, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣirò ti kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1925. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ti sọ owó dìdàkudà ní Yúróòpù, àwọn òṣìṣẹ́ ń ké pé owó oṣù kò ká oúnjẹ mọ́, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ń ka tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Wọ́n tún ìpinnu náà ṣe ní Montreal ní 1947, lẹ́yìn ogun kejì. Wọ́n tún un ṣe ní 1962, ní 1987, àti ní 2003. Ti 2003 yẹn la ṣì ń lò.

Kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń jókòó níbẹ̀. Nàìjíríà ti wọ ILO láti 1960. Ìjọba ń rán èèyàn lọ sí ìpàdé náà, aṣojú àwọn agbanisíṣẹ́ ń wà níbẹ̀, ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà ń wà níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ìjà lórí owó oṣù ló bí gbogbo ìṣirò yìí. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ìjọba nìkan, ẹ̀yin náà mọ iye tí ọ̀wọ́ngógó yóò máa jẹ́.

Ìpinnu ni, kì í ṣe òfin tí ọlọ́pàá ń torí rẹ̀ múni. Orílẹ̀-èdè tó bá kọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò ní kó san owó ìtanràn. Ìwé ìtọ́nisọ́nà ńlá kan tẹ̀ lé e ní 2004, tí ILO, IMF tó jẹ́ àjọ owó àgbáyé, Báńkì Àgbáyé, OECD tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè olówó, Eurostat tó ń ṣe ìṣirò fún Yúróòpù àti àjọ UN tó ń mójú tó ọrọ̀ ajé Yúróòpù jọ kọ. Wọ́n tún un kọ ní 2020.

Ní ti èlùbọ́, kò sẹ́ni tó pàṣẹ pé ká kà á tàbí ká má kà á. Ohun tí à ń jẹ, àwa la mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tí a ó gbà kà á ni wọ́n fẹnu kò lé lórí. Iye tí oníbàárà san gan-an ni kí a kọ, kì í ṣe iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ dá lé e. Ọjà kan náà ni kí a máa padà lọ bèèrè lóṣooṣù. Ohun tó wà nínú agbọ̀n, ìyẹn àkójọ ọjà tí à ń kọ iye wọn, gbọ́dọ̀ bá ohun tí àwọn ará ìlú ń náwó lé lórí mu, kí a sì tún ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn àyè tí ọjà kọ̀ọ̀kan gbà nínú ìnáwó, yẹ̀ wò, ó pẹ́ tán, lọ́dún márùn-ún-márùn-ún. Kí a sì jẹ́ kí ará ìlú mọ bí a ṣe ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu lórí tábìlì. Ìyá tó kọ̀wé tẹ̀ lé e yìí ló mọ bó ṣe rí lọ́jà.

Gàrí ni mo ń tà ní Kàbà. Àwọn ọmọ oníwèé yín máa ń bi mí ní iye múdù, mo sì máa ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n múdù tèmi àti ti ẹni tó jókòó tì mí kì í ṣe ọ̀kan náà, kí Ọlọ́run dárí jì wá. Ṣé kò ní ba ìṣirò yín jẹ́?

Ẹ ti jẹ́wọ́, Ọlọ́run ti gbọ́. Mo mọ múdù tí ẹ ń sọ. Òmíràn wà tí wọ́n ti fi òlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, òkè kékeré ló máa bá nísàlẹ̀. Òmíràn wà tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú dáadáa, àmọ́ tí ọlọ́jà kì í fi apá ká ẹnu rẹ̀ nígbà tó bá ń bù ú, kí òkìtì lè tètè ya. Èènì wá ń bẹ. Nígbà tí nǹkan bá rọrùn, ọlọ́jà á bu ọwọ́ kan lé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Bí nǹkan bá le, èènì ló kọ́kọ́ ń dàwátì. Iye múdù kò yí padà, oníbàárà kò sì rí ohun tó máa fi jà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é lóǹkà. Ká sọ pé múdù gàrí jẹ́ ₦1,000 lóṣù tó kọjá, tí ó wọn kílò kan àti ààbọ̀. Lóṣù yìí ₦1,000 náà ni, ṣùgbọ́n ìdí múdù ti wọnú, èènì ti lọ, kílò kan àti ìdámẹ́rin ló kù. Ẹni tó kọ iye múdù yóò ní gàrí kò wọ́n sí i rárá. Ẹni tó gbé e lé ìwọ̀n yóò rí i pé kílò kan ti kúrò ní nǹkan bí ₦667 bọ́ sí ₦800. 20% nìyẹn. Ìdí nìyí tí ìwé ìtọ́nisọ́nà fi ní ká ra irú ọjà bẹ́ẹ̀, ká wọ̀n ọ́n, ká tó kọ iye rẹ̀. Mo ní ìwọ̀n kékeré kan tí à ń gbé nǹkan kọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yọ ọ́ lọ́jà, obìnrin kan bo múdù rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní ṣé ọlọ́pàá ni mí ni. Gàrí tí mo bá sì rà wọ̀n, a máa ń tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀bà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bí ẹ bá gbọ́ pé àwọn oníṣirò àgbáyé ń ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì nítorí ọ̀rọ̀ yìí, irú ohun tí wọ́n ń wá kò ju kí ọjà Ẹ̀gbẹ̀ àti ọjà Kàbà fẹnu kò sí múdù kan ṣoṣo lọ. Ẹ dá a lábàá ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ wo bí ìjà yóò ṣe ṣẹ́.

Ìyá, mo kí yín o. Ọmọ Ayétòrò Gbẹdẹ ni mí, Lọ́kọ́jà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá 2024 wọ́n ní ọ̀wọ́ngógó jẹ́ 34.80%. Ti oṣù Kìíní 2025, wọ́n ní 24.48%. Mo dé ọjà, n kò rí ohun tó wálẹ̀. Ta ni wọ́n ń tàn?

Àbúrò mi, wọn ò tàn yín. Agbọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òǹkà méjèèjì ti jáde. Ti oṣù Kejìlá wá láti inú agbọ̀n tí wọ́n gbé ka oṣù Kọkànlá 2009. Ti oṣù Kìíní wá láti inú tuntun tí NBS, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀, gbé ka 2024. Nínú ti àtijọ́, oúnjẹ àti ohun mímu tí kì í ṣe ọtí ló gba 51.8% nínú gbogbo ìnáwó. Nínú tuntun, 40.0% ni. Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ló ń sáré jù nígbà náà. Bí ẹ bá dín àyè rẹ̀ kù, àròpọ̀ yóò wálẹ̀ láìjẹ́ pé náírà kan kúrò lórí iṣu. Ìyẹn nìkan kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ó wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fi 34.80 àti 24.48 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó wá ń jó pé ọ̀wọ́ngógó ti fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rọlẹ̀, ẹ ní kó jókòó.

24.48% gan-an kò sọ pé ọjà wálẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ohun tí a fi ₦1,000 rà ní oṣù Kìíní 2024, tí a bá da gbogbo ọjà pọ̀, ń gba nǹkan bí ₦1,245 lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ṣé ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ agbọ̀n? Ó ti yẹ tipẹ́. Ìpinnu 2003 ní kó má ju ọdún márùn-ún lọ ká tó yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò; ti wa lo ọdún 15. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ti ń múra ìwé mẹ́wàá. Ta ló ń ra dátà lójoojúmọ́ ní Ayétòrò Gbẹdẹ ní 2009? Ohun tí wọ́n ń kọ iye rẹ̀ ti kúrò ní 740 bọ́ sí 934. Ìsọ̀rí 12 ti di 13, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìpínsísọ̀rí àgbáyé ti 2018 ṣe pín in: iṣẹ́ báńkì àti adójútòfò ti dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀rí kan. Owó tí àwọn oní-POS ń gbà lọ́wọ́ wa, ibẹ̀ ló yẹ kó bọ́ sí.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ kò bi mí, èmi ni n ó bi ara mi: 40% ti ta ni? Nínú agbọ̀n yìí, owó ló ń dìbò, kì í ṣe èèyàn. Ilé tó ń ná mílíọ̀nù kan lóṣù ní ìbò ogún níbi tí ilé tó ń ná ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ti ní ìbò kan. Àwọn tó kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé ọ̀nà kejì wà, níbi tí ilé kọ̀ọ̀kan ti ní ìbò kan. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣì ń jẹ́ kí owó dìbò. Bí ẹni tó ń gba owó oṣù kékeré ní Lọ́kọ́jà bá ka oúnjẹ tirẹ̀, kò ní rí 40% yẹn. Ojú rẹ̀ kò fọ́, orí rẹ̀ kò sì dàrú.

Mo ń ra kajú ní Odò-Ẹrẹ̀, mo sì ń bá àwọn ará Bìní olómìnira ṣòwò. Kí ló kàn wá bóyá wọ́n ń ka ọ̀wọ́n ọjà bí a ṣe ń kà á?

Lónìí, kò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín. Lọ́jọ́ tí ECOWAS bá gbé owó kan ṣoṣo jáde, eco tí wọ́n ti ń sọ tipẹ́, yóò kàn yín. Lára ohun tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ṣe kó tó wọlé ni pé ọ̀wọ́ngógó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀. Bí kálukú bá ń ka tirẹ̀ bó ṣe wù ú, kò sí orílẹ̀-èdè tí kò ní yege. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó jọ ń ná CFA ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí Bìní wà lára wọn, ti rí èyí: láti 1998 ni wọ́n ti ń lo òǹkà tí wọ́n jọ ṣe.

Yúróòpù ló kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí kọjá. Àdéhùn Maastricht ti 1992 ní ẹni tó bá fẹ́ wọ owó yúrò kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀wọ́ngógó rẹ̀ fi ju ìdá kan àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ ga ju ti àwọn mẹ́ta tó ṣe dáadáa jù. Ó dára, àmọ́ ta ló kà á? Ní oṣù Kẹwàá 1995 wọ́n ṣòfin lé e lórí, òfin tó mú gbogbo wọn, kì í ṣe ìmọ̀ràn bíi ti Geneva. Ní 1997 òǹkà àjùmọ̀lò náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n rí i ṣe nítorí pé wọ́n fi ohun tí wọn kò lè fẹnu kò lé lórí sílẹ̀. Púpọ̀ nínú owó ilé ìwòsàn àti owó ilé ìwé wà níta, torí pé níbi kan ìjọba ló ń san án, níbòmíràn aláìsàn àti òbí ni. Ó di nǹkan bí 2000 kí wọ́n tó mú wọn wọlé. Ohun kan wà tí wọn kò tíì mú wọlé títí di òní. Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ẹ̀gbẹ̀, ìyá mi. Wọ́n ní ọ̀nà ìṣirò kan wà tí Yúróòpù kò fẹ́. Èwo ni?

Ti Carli, ará Ítálì kan tó gbé e kalẹ̀ ní 1764. Mú bírò. Ọlọ́jà méjì ń ta iṣu ní Ẹ̀gbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, àkọ́kọ́ ta márùn-ún ní ₦5,000, ìkejì ta á ní ₦10,000. Lóṣù yìí wọ́n pààrọ̀: àkọ́kọ́ ₦10,000, ìkejì ₦5,000. Ní ojú tìrẹ, ṣé iṣu wọ́n sí i? Carli ní ti àkọ́kọ́ di ìlọ́po méjì, ti ìkejì di ìdajì, ó ro 2 pọ̀ mọ́ 0.5, ó pín in sí méjì, ó rí 1.25. Ó ní iṣu ti fi 25% wọ́n sí i, láti inú afẹ́fẹ́. Jevons, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ní 1863 pé ìsọdipúpọ̀ ni kí wọ́n ṣe: 2 lọ́nà 0.5 jẹ́ 1, ìlọ́po-gbòǹgbò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní square root, jẹ́ 1. Kò sí ohun tó yí. Yúróòpù kò fẹ́ ti Carli nínú òǹkà àjùmọ̀lò wọn. Bìrìtéènì ṣì ń fi í ṣe òǹkà àtijọ́ wọn tó ń jẹ́ RPI, nítorí pé èlé orí àwọn gbèsè ìjọba kan ti so mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ní 2013 wọ́n gba oyè òǹkà àpapọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Fi han olùkọ́ ìṣirò rẹ, kó fún ọ ní máàkì.

Okun o, Ìyá. Ọmọ Mọpà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo kọ́ ilé tí mo ń gbé, kò sẹ́ni tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ mi. Iṣu tí mo ń jẹ, oko mi ló ti ń wá. Ṣé òǹkà yín mọ̀ mí? Ṣé ó sì yẹ kí owó ìfẹ̀yìntì mi máa tẹ̀ lé e?

Okun o, Baba. Lẹ́tà yín ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ẹ fọwọ́ kàn yẹn ni àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì bọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ilé. Amẹ́ríkà ní kí a bi onílé pé bí òun bá fẹ́ fi ilé rẹ̀ háyà, èló ni yóò gbà. Láti 1983 ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́rin òǹkà wọn sì wà lórí owó tí ẹnikẹ́ni kò san yìí. Ọsirélíà ní rárá, iye tí wọ́n fi ń kọ́ ilé tuntun ni kí a kà, kí a yọ ilẹ̀ kúrò. Ireland ní èlé tí èèyàn ń san lórí owó tó yá kọ́lé ni. Ọ̀nà mẹ́ta, ọgbọ́n mẹ́ta, kò sì sí èyí tó jẹ́ irọ́. Nígbà tí wọ́n dé Geneva ní 2003, wọn kò rí èyí tí gbogbo wọn lè gbà, ni wọ́n bá kọ ọ́ pé kí orílẹ̀-èdè wo ohun tí ó fẹ́ fi òǹkà ṣe kó tó yan ọ̀nà. Yúróòpù yọ ọ́ kúrò pátápátá, òun sì ni ohun tí mo ní wọn kò tíì mú wọlé. Ní 2021 báńkì àgbà wọn ní ó yẹ kí wọ́n mú un wọlé. Wọ́n ṣì ń rò ó.

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, ti Ọsirélíà ni mo máa gbé wá sí ilẹ̀ Okun. Ta ni yóò sọ iye tí ilé yín ní Mọpà yóò gbà bí ẹ bá fi háyà? Mélòó ni ilé tí wọ́n ń háyà ní àdúgbò yín tí a ó fi ṣe àfiwé? Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ iye bàgì sìmẹ́ǹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọbàjànà ni wọ́n ti ń ṣe é, lẹ́yìnkùlé wa níbí, tí kò sì dín owó fún wa. A mọ iye páànù. A mọ iye tí bíríkìlà ń gbà lóòjọ́. Ilé tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá ń kọ́ sí Mọpà díẹ̀díẹ̀ ṣáájú Kérésìmesì, owó gidi ló ń bá a lọ.

Iṣu oko yín le jù ú lọ. Òfin Yúróòpù ṣe tààrà: owó tó kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn nìkan ni kí a kà. Iṣu tí ẹ wú lóko tí ẹ sì gún lálẹ́, kò sí owó níbẹ̀, kò wọ òǹkà. Ìpinnu 2003 náà fara mọ́ irú èyí bó bá jẹ́ ọ̀wọ́ngógó la fẹ́ wọ̀n, ó kàn fi àyè sílẹ̀ fún ibi tí àwọn èèyàn ti ń jẹ oko wọn púpọ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ibì kan. Báńkì àgbà tó fẹ́ mọ bí owó ṣe ń rìn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iṣu yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bóyá ará Mọpà ń jẹun yó, tó wá lo òǹkà yẹn, ohun mìíràn ló wọ̀n. Òǹkà kan kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ìpinnu náà gbà kí orílẹ̀-èdè ní ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tàbí fún ẹgbẹ́ èèyàn kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká lọ, kí àwọn tó ń pe ara wọn ní aṣojú wa sì bèèrè rẹ̀.

Owó ìfẹ̀yìntì yín kò so mọ́ òǹkà kankan báyìí. Ìwé òfin 1999, ìpín 173 fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ìpín 210 fún ti ìpínlẹ̀, ló ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́dún márùn-ún-márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ bá yí padà, èyí tó bá yá jù. Owó oṣù tó kéré jù yí padà ní 2024: ìjọba àpapọ̀ ní ₦70,000, Kogí ní ₦72,500. Nítorí náà, ohun tí ẹ máa bi àwọn tó ń sanwó yín ni pé kí ni wọ́n ṣe lẹ́yìn 2024. Ẹ di ìwé òfin mú lọ.

Sí ẹni tó kọ̀wé láti Ìyàrá pé òun fẹ́ ka ìwé ìtọ́nisọ́nà 2020 fúnra òun: ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, IMF ló gbé e síbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì gùn. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń gba iye ọjà lọ́jà, kí ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.